Màmá ń gbàgbé, ilé sì ń gbààwẹ̀

  

Ẹ̀kọ́ òní wà fún ilé tí bàbá tàbí ìyá ti ń ṣarán, àìsàn tí àwọn dókítà ibí ń pè ní dementia. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò kéré láàárín àwa tí a wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ síta. Bí wọ́n bá béèrè Alhaja ní mọ́sálásí, a ó ní ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Ẹ̀rù ń bà wá pé àwọn ènìyàn á ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe ìyá wa, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ló ń jà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ìyẹn kúrò nílẹ̀. Àlùkùránì mẹ́nu bà á nínú Súrà An-Nahl, àyà 70, àti nínú Súrà Al-Hajj, àyà 5, pé àwọn kan wà nínú ẹ̀dá tí Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí wọ́n gbó dé ibi tí ẹni tó ti ní ìmọ̀ rí kò ní mọ nǹkan kan mọ́. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fúnra rẹ̀ máa ń wá ìṣọ́ra Ọlọ́hun kúrò níbi irú ogbó bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ọlọ́hun ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ó lè dé bá ẹ̀dá, kí ló dé tí a ó tún máa wá ẹni tó ṣe é kiri?

Ẹlòmíràn á ní àìsàn òyìnbó ni, pé kò sí nílé. Ó wà nílé. Láti ọdún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ti jọ ń yẹ àwọn àgbàlagbà wò, àwọn kan ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àwọn kan láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 sọ pé nínú 100 ẹni tó ti tó ọdún 65 sókè, àwọn tí àìsàn náà ń mú lọ́dún kan jẹ́ nǹkan bí 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Tilé kéré sí tòkèèrè, ṣùgbọ́n ó wà. Ọjọ́ ogbó lásán ni a kàn ń pè é.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ gan-an ló mú ìwé yìí wá. Àgbàlagbà méjì ni ọ̀pọ̀ ilé ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni ẹni tí làákàyè rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí ara kò gbé ààwẹ̀ mọ́. Ẹni yẹn ni ọ̀rọ̀ fídíyà bá wí, ìyẹn bíbọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú mazhab Màlíkì tí ọ̀pọ̀ àáfáà wa nílé ń tẹ̀lé, ohun tó dára láti ṣe ni. Àwọn mazhab yòókù kà á sí ọ̀ranyàn. Èkejì ni ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ. Ànábì ti jẹ́ kí a mọ̀ pé wọ́n ti gbé kálámù sókè kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tó ń sùn, ọmọ tí kò tíì bàlágà, àti ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò sí. Bí ti Màmá bá ti dé ibẹ̀, ààwẹ̀ kò sí lọ́rùn wọn, ìrun kò sí lọ́rùn wọn, wọn kò sì jẹ gbèsè fídíyà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe sáárà ní orúkọ wọn, ó dára, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe é pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé Ọlọ́hun ń bínú sí ìyá yín.

Àwọn kan wà láàárín méjèèjì, tí ọpọlọ wọn ń lọ tó ń bọ̀: lónìí wọ́n mọ ọjọ́, lọ́la wọn kò mọ ọmọ. Lórí ti ìwọ̀nyí, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá áfáà tó mọ fíkì, kí ẹ sì sọ bó ṣe rí gan-an fún un. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín dín in kù.

Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni pé Màmá fúnra wọn lè kọ̀ láti jẹun. Wọ́n ti gba ààwẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ń rí i pé kò sí ẹni tó ń jẹ, wọ́n sì mọ̀ pé Ramadan ni. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì purọ́ pé oòrùn ti wọ̀. Ẹ bẹ áfáà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún kó bá wọn sọ ọ́ lórí fóònù pé Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún wọn, kí ẹ sì máa rán wọn létí pé, “Áfáà ní kí ẹ mu omi, Alhaja.” Ẹ gbé oúnjẹ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ kékeré tí kò gbààwẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ jẹ ẹ́. Àgbà á jẹun nítorí ọmọ. Kí òògùn wọn má sì yẹ̀.

Omi ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ. Bí Màmá bá yí padà lójijì, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, tí wọ́n ń sùn ṣáá tàbí tí wọ́n ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹ má ní àìsàn ìgbàgbé ló ń le sí i. Ó lè jẹ́ omi ló gbẹ lára wọn, ó lè jẹ́ àkóràn nínú ìtọ̀, ó sì lè jẹ́ òògùn tuntun. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá ti tì, ẹ pe 111. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ní ìtọ́jú.

Nǹkan kan tún wà tí kì í sábà wọ wàásù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí, ọkàn wọn máa ń dàrú jù nígbà tí oòrùn bá ń rẹlẹ̀. Láti nǹkan bí Alásárì ni wọ́n á ti máa rìn síwá sẹ́yìn, tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Àkókò yẹn náà ni ilé wa máa ń gbóná jù nínú ààwẹ̀: àkàrà wà nínú epo, tẹlifísàn ń pariwo, àlejò ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ebi sì ń pa gbogbo wa. Nítorí náà, ẹ se oúnjẹ ìṣínu láàárọ̀. Mọ́ínmọ́ín kì í bínú pé a tètè sè é. Ẹ tan iná kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹnì kan tí kò dáná jókòó ti Màmá ní yàrá tó dákẹ́, kí wọ́n sì ti jẹun tiwọn kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì.

Sààrì náà ní tiẹ̀. Bí iná bá tàn lóru tí abọ́ ń dún, Màmá á rò pé ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á ní ọjà Òjé ni àwọn ń lọ. Iná kékeré ni kí ẹ máa lò, kí aago kékeré sì wà lára ilẹ̀kùn tí yóò dún bí wọ́n bá ṣí i. Àwọn ọlọ́pàá ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní Herbert Protocol: ẹ ó kọ irú ẹni tí Màmá jẹ́ sínú rẹ̀, òògùn wọn àti ibi tí wọ́n fẹ́ràn láti máa lọ, ẹ ó sì fi fọ́tò wọn sí i, kí wọ́n má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọnù. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ kọ ọ́.

Ohun tó kù lọ́wọ́ wọn pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ́kọ́ lọ, Yorùbá á kù. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ lè ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ilé kéú ló ti kọ́ ọ ní kékeré. Ẹ fi tẹ̀sùbáà sí wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń kírun, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí wọ́n bá ka rákà méje, ẹ má tún un ṣe. Ẹ fi oríkì wọn pè wọ́n, Àjọkẹ́ tàbí Àbẹ̀ní, kí ẹ wo bí ojú wọn á ṣe yí padà.

Súrà Al-Isra, àyà 23, kọ̀ fún wa láti ṣe ṣíọ̀ sí wọn. Ẹ kíyè sí i pé àyà náà sọ̀rọ̀ òbí tó darúgbó sí ọ̀dọ̀ ọmọ, ìyẹn nínú ilé, níbi tí a ti ń béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí omi tó hó. Bí wọ́n bá béèrè bàbá yín tó ti kú, ẹ má tún máa túfọ̀ rẹ̀ fún wọn lójoojúmọ́. Ọ̀fọ̀ tuntun ni lójú wọn nígbà gbogbo. Ẹ ní, “Ẹ sọ̀rọ̀ Bàbá fún wa.” Bí wọ́n bá ní ẹ̀yin lẹ jí ẹ̀gbà àwọn, ẹ bá wọn wá a.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń ṣe gbogbo èyí, obìnrin sì ni púpọ̀ ìgbà. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń sáré lọ sí Táráwíì lálaalẹ́, ọkùnrin kan wá bá Ànábì pé òun fẹ́ lọ sójú ogun, Ànábì sì dá a padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ẹ fún arábìnrin yín ní alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ kí òun náà lè lọ kírun. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà dára, ṣùgbọ́n owó kì í pààrọ̀ pámpáàsì.

Ìrànlọ́wọ́ wà. Ẹ ní kí káńsù wá ṣàyẹ̀wò ohun tí Màmá nílò àti ohun tí ẹni tó ń tọ́jú wọn nílò. Ẹ lè béèrè fún obìnrin tí yóò máa wẹ̀ wọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Admiral Nurse, ìdílé bíi tiyín gan-an ni iṣẹ́ wọn. Attendance Allowance wà fún ẹni tó ti dé ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì, wọn kì í sì wo iye tó wà ní báńkì. Àmọ́ bí físà Màmá bá ní kí wọ́n má gba owó ìjọba, ẹ kọ́kọ́ rí amòfin físà. Bí wọ́n bá sì ṣì ń lóye ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí Lasting Power of Attorney nísinsìnyí, ti owó àti ti ìlera. Jíjẹ́ àkọ́bí kò ní kí báńkì dá yín lóhùn, bí làákàyè bá sì ti lọ tán, ilé ẹjọ́ ló kù.

Ọdún Ìtúnu náà ń bọ̀. Ẹ wọ aṣọ tí Màmá mọ̀ fún wọn, kì í ṣe aṣọ ẹbí tuntun. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tètè lọ sílé. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ kí wọn ní yídì, ẹ dákun, ẹ má bèèrè pé, “Ṣé ẹ dá mi mọ̀?” Ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́, kí ẹ tó kí wọn kú ọdún.