Ta Ló Ń San Gbèsè Sìgá?

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ nínú orí yìí. Pé sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, a ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wa. Ìkìlọ̀ rẹ̀ wà lára pákẹ́ẹ̀tì pàápàá. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni pé: nígbà tí àìsàn bá dé, àpò ta ni owó ìtọ́jú ti ń jáde?

Ẹ lọ sí gáréèjì ní ìdájí. Ẹ ó rí àtẹ kékeré kan tó gbé bisikíìtì, tọ́ọ̀mù, omi inú ọ̀rá, àti pákẹ́ẹ̀tì sìgá tí wọ́n ti ya ẹnu rẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà so láítà mọ́ ẹsẹ̀ àtẹ náà kí ẹnikẹ́ni má baà mú un lọ. Awakọ̀ á dé, á na owó, á yọ ẹyọ kan, á ṣáná sí i, ó di ẹnu iṣẹ́. Lójú tirẹ̀, ó ti sanwó ohun tó rà. Ìyá alátẹ náà ti gba owó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kan ní gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ₦100 ni ẹyọ kan, tí awakọ̀ yìí sì ń fa márùn-ún lójúmọ́. ₦500 nìyẹn. Bí ẹ bá sọ ₦500 di ọ̀nà 365, ẹ ó rí i pé ₦182,500 ló ń ná lọ́dún kan. Tó bá fi máa pé ọdún mẹ́wàá, ó ti di ₦1,825,000. Iye yẹn á ra kẹ̀kẹ́ ìránṣọ mélòó? Ẹ bèèrè lọ́jà, kí ẹ sì pín in fúnra yín.

Síbẹ̀, apá tó kéré nínú owó náà nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù lè pé ogún ọdún kó tó dé: ikọ́ tí kò lọ, èémí tí kò délẹ̀ mọ́, àìsàn ọkàn, rọpárọsẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́jọ́ tó bá dé, ilé ìwòsàn kò ní bèèrè ẹni tó ṣe sìgá tàbí ẹni tó tà á. Owó káàdì ni wọn ó bèèrè, owó ẹ̀rọ tó ń yàwòrán àyà, owó bẹ́ẹ̀dì, owó ọ́síjìn. Ní Nàìjíríà, nínú gbogbo ₦100 tí à ń ná sórí ìlera, nǹkan bí ₦70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde tààrà. Ètò adójútòfò ìlera kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́. Nítorí náà, ìyàwó tó ń ta ẹja, tí kò fi sìgá kanu rí láyé rẹ̀, ni yóò kó èsúsú sílẹ̀. Ọmọ tó yẹ kó san owó ìdánwò ni yóò jókòó ti bàbá ní wọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun á fi díẹ̀ ránṣẹ́, á tún fi díẹ̀ ránṣẹ́, lẹ́yìn náà kò ní máa gbé fóònù mọ́. Bí ilẹ̀ bá wà, wọ́n á tà á.

Ìdáhùn ìbéèrè wa nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ jókòó pinnu rẹ̀: àwọn tí kò fa sìgá ló ń san gbèsè rẹ̀. Àwọn kan lára wọn tilẹ̀ ń fi ẹ̀mí san án. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí tábà ń pa lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 7, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan nínú wọn kò sì fa á rí. Èéfín tí ẹlòmíràn fẹ́ jáde ni wọ́n fà símú, nínú yàrá kan náà tàbí nínú ọkọ̀ kan náà.

“Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀,” bẹ́ẹ̀ làwọn kan á wí. Ẹni tó fa á ni kó gbé ẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ní Amẹ́ríkà, òfin gba àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera láyè láti gba owó tó fi ìdajì lé sí i lọ́wọ́ ẹni tó ń fa sìgá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí eérú ń bà sí lọ́dọ̀ tiwa. Ó ń kọjá lórí ẹni tó dà á, ó ń bọ́ sórí ìyàwó àti ọmọ. Yàtọ̀ sí èyí, nikotíìnì tó wà nínú tábà kì í jẹ́ kí ènìyàn lè fi í sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà tó ẹni tí à ń bi léèrè ìpinnu. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó fa ti àkọ́kọ́ nítorí ọ̀rẹ́, ṣé òun nìkan la fẹ́ bá ṣẹjọ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún?

Ẹnì kan tún wà tó yẹ ká bi, ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ọjà náà ju gbogbo wa lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1954, àwọn ilé-iṣẹ́ tábà ńlá Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn tó lé ní 400. Wọ́n ní ìlera àwọn oníbàárà ṣe pàtàkì sí àwọn ju ohunkóhun lọ, wọ́n sì ní kò tíì dájú pé sìgá ló ń fa jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2006, Gladys Kessler, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, dájọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún parọ́ fún aráàlú nípa ewu ọjà wọn. Ẹni tó mọ̀ tó sì fi pamọ́ kò lè sọ pé oníbàárà fojú ara rẹ̀ yàn.

Fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń fa sìgá bá pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́, èsì kan náà ni: ìwọ lo yàn án. Mike Moore, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Mississippi, gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 1994. Ó ní ìpínlẹ̀ òun kò fa sìgá rárá, àmọ́ òun ló ń san owó ìtọ́jú àwọn tálákà tí sìgá sọ di aláìsàn. Ẹ dá owó wa padà. Lójú tèmi, àrà tó gbọ́n jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn, nítorí ó mú ọ̀rọ̀ kúrò lórí “ta ló yàn” bọ́ sórí “ta ló sanwó.” Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ tábà mẹ́rin tó tóbi jù bá ìpínlẹ̀ 46 ṣàdéhùn láti san ó kéré tán bílíọ̀nù $206 láàárín ọdún 25. Mississippi àti ìpínlẹ̀ mẹ́ta mìíràn ti gba tiwọn lọ́tọ̀ ṣáájú.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà gan-an, àwọn tó tóbi jù nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi sẹ́ǹtì 45 kún owó pákẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn tó ń fa á ni wọ́n yí i lé lórí. Nígbà tí owó sì dé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀, díẹ̀ ló dé ibi tí wọ́n ti ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀. Púpọ̀ rẹ̀ lọ dí ihò inú àpò ìjọba. Ní North Carolina, níbi tí wọ́n ti ń gbin tábà gan-an, apá kan lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tábà fúnra wọn!

Àwọn ilé-iṣẹ́ tún ní ìṣirò tiwọn. Ní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ sìgá Philip Morris san owó fún ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè Czech. Ìwádìí náà ní sìgá ń mú èrè wá fún ìjọba: lọ́dún 1999 nìkan, èrè náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù $147. Báwo? Owó-orí ń wọlé, àwọn tó ń fa sìgá sì ń tètè kú, ìjọba kò ní san owó ìfẹ̀yìntì wọn pẹ́, kò sì ní tọ́jú wọn lọ́jọ́ ogbó. Ariwo sọ káàkiri ayé, ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Kí a tilẹ̀ gbà pé ìṣirò náà pé: èrè ta ni? Opó tó wà nílé kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. British American Tobacco ti ń ṣòwò ní Nàìjíríà láti ọdún 1912. Ilé-iṣẹ́ sìgá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1933, èyí tó wà n'Ìbàdàn báyìí sì ṣí lọ́dún 2003. London ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà. Ní Òkè-Ògùn, ní àgbègbè Ìsẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ ń gbin ewé tábà fún wọn, igi ìdáná sì ni wọ́n sábà fi ń yan ewé náà gbẹ. Igbó tó ń tán lọ, gbèsè ni òun náà. Lọ́dún 2007, ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ mélòó kan, Èkó wà lára wọn, pe àwọn ilé-iṣẹ́ tábà lẹ́jọ́ bíi ti Mississippi. Àwọn ẹjọ́ náà kò so èso. Kò sí aláìsàn tó rí ohunkóhun gbà níbẹ̀.

Ọ̀nà tó kù tó sì rọrùn jù ni owó-orí tí ìjọba ń gbà ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kí ọjà tó jáde. Láti 2018, Nàìjíríà fi ₦1 lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, ó di ₦2 lọ́dún 2019, ó di ₦2.90 lọ́dún 2020. Owó tó bá bọ́ sílẹ̀ tí ọmọdé kò ní bẹ̀rẹ̀ mú! Wọ́n ti fi kún un lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fẹ́ ni kí owó-orí kó nǹkan bí ₦75 nínú ₦100 tí wọ́n bá ta sìgá, a kò sì tíì sún mọ́ ọn.

Ẹnì kan lè sọ pé awakọ̀ ni owó-orí náà yóò padà wá bá. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí owó sìgá bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé, fífa rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa máa ń fi nǹkan bí ìdá márùn-ún dín, àwọn ọ̀dọ́ tí owó kò sí lọ́wọ́ wọn ló sì ń kọ́kọ́ jáwọ́. Ohun tí èmi kò lè fara mọ́ ni kí ìjọba gba owó náà tán, kí ó dà á pọ̀ mọ́ owó yòókù, kí opó tún máa san owó ọ́síjìn. Ìjọba tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti bá ilé-iṣẹ́ pín èrè ni. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, inú àpò ọ̀tọ̀ ni gbogbo owó-orí sìgá ì bá máa wọ̀, wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ni ì bá sì kọ́kọ́ máa lọ. Òfin Ìdarí Tábà ti 2015 ti dá àpò owó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìdènà tábà. Ọ̀tọ̀ ni pé àpò wà, ọ̀tọ̀ ni pé owó wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín sókè lápá ọ̀tún, kí ẹ sì kọ déètì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ bi í ní ohun méjì péré: èló ni owó-orí sìgá tó wọlé lọ́dún tó kọjá, èló ló sì dé ilé ìwòsàn tó wà ní agbègbè yín? Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́wọ́, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì bí èsì bá dé.