Kí Ẹ Tó Wọ Igbó Smoky

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, mo gbọ́ pé Great Smoky Mountains lẹ fẹ́ lọ nígbà ìsinmi. Inú mi dùn sí i. Láti ọdún 1934 ni ìjọba ti ń dáàbò bo igbó náà, ní ààlà Tennessee àti North Carolina, oríṣi salamáńdà inú rẹ̀ sì tó 30. Igbó ilé wa kò ní ẹyọ kan, nítorí náà ẹ gbọ́ tẹnu mi.

1. Ẹ má fi ojú alángbá wo salamáńdà. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ìbátan rẹ̀: kò ní ìpẹ́, ara rẹ̀ tutù, ó sì ń yọ̀.

2. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni kí ẹ jáde, tàbí lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìtì igi tó ti ń jẹrà àti bèbè odò. Bí ẹ bá rí èyí tí ara rẹ̀ dúdú tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì pọ́n, ẹ dúró wò ó dáadáa. Àwọn òkè yẹn nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé.

3. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo tún un sọ: ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹ̀dọ̀fóró rárá. Awọ ara àti inú ẹnu ni wọ́n fi ń mí, awọ náà sì gbọ́dọ̀ tutù kí èémí tó lè gbà á wọlé. Òògùn ẹ̀fọn tí ẹ fi para, ìpara oòrùn, iyọ̀ inú òógùn àtẹ́lẹwọ́ yín, gbogbo rẹ̀ ló lè gba awọ yẹn wọ inú ara rẹ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ gbígbẹ gbé e nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ń fún un lọ́rùn láìmọ̀ ni.

4. Ẹ fi òkúta odò sílẹ̀ bó ṣe wà. Abẹ́ òkúta ńlá ni hellbender ń gbé, salamáńdà tó lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ibẹ̀ ni abo ń yé sí, akọ ló sì ń ṣọ́ ẹyin. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí òkúta tí wọ́n tò jọ nítorí fọ́tò. Ilé onílé ni wọ́n wó.

5. Ẹ jìnnà sí béárì ní yáàdì 50, ó kéré tán. Ẹ má fún un lóúnjẹ.

6. Ẹ má ra salamáńdà sìn kí ẹ wá lọ tú u sílẹ̀ sínú igbó. Àrùn kan tó ń jẹ́ Bsal ti pa wọ́n lọ bẹẹrẹ ní Netherlands, òun ló mú kí Amẹ́ríkà fòfin de kíkó oríṣi 201 wọlé ní 2016. Bàtà yín náà lè gbé àrùn: ẹ fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó kúrò ní odò kan bọ́ sí òmíràn.