Ìyá ọkọ mi ò parí Aníkúlápó

Ìbéèrè: Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà Igbó, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ọ̀yọ́, a fi fíìmù Aníkúlápó hàn wọ́n, torí wọ́n ti gbọ́ pé ìtàn Ọ̀yọ́ ló wà níbẹ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n ń dárúkọ aṣọ òfì tí wọ́n ń rí: ẹtù nìyẹn, sányán nìyí. Nígbà tí Awarun, obìnrin olówó inú fíìmù náà, mú Sàró ahunṣọ wọlé, wọ́n kàn wolẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Sàró àti Àrólákẹ́, ìyàwó ọba, Màmá dìde, wọ́n ní àwọn ò wá sílé ọmọ àwọn láti wá wo ohun tí tọkọtaya ń ṣe ní yàrá. Ọkọ mi pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ń wò mí lójú.

Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti di àríyànjiyàn ní ìsọ̀ wa. Àwọn kan ní ẹni tó ṣe fíìmù yẹn ba Yorùbá lórúkọ jẹ́. Èmi parí rẹ̀ lórí fóònù mi, mo sì sunkún nítorí Àrólákẹ́. Ṣé ó burú kí n fẹ́ràn rẹ̀? Kí ni kí n sọ fún Màmá àti ọmọ mi?
Ìyá Ìbejì, Ọjà Igbó

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀, kò burú rárá. Ẹkún tí ẹ sun fún Àrólákẹ́ yẹn, ibi tó yẹ kó ti wá náà ló ti wá.

Ẹ wo ọmọbìnrin náà bí Bímbọ́ Adémóyè ṣe ṣe é. Ọba tó lè bí i lọ́mọ ni wọ́n fi í fún. Àwọn ìyálé ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó wù ú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa yan nǹkan fúnra rẹ̀, Sàró ahunṣọ ló yàn, ó sì mọ̀ pé ikú ló máa ń gbẹ̀yìn irú ẹ̀ láàfin. Bí wọ́n bá yọ ìfẹ́ ara yẹn kúrò, a ò ní mọ ohun tó mú un fẹ̀mí wewu. Nítorí náà, ní tèmi, ó yẹ kí ibẹ̀ wà nínú fíìmù. Ti Awarun, tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, ni mo rò pé wọ́n ì bá dín kù. A ti mọ̀ pé obìnrin olówó náà gba Sàró sílé, ó sì gbà á sórí ẹní. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Ní ti àwọn tó ní wọ́n ba Yorùbá lórúkọ jẹ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ààfin Ọ̀yọ́ ni eré Alárìnjò, tíátà àwọn eléégún tó ń rìn kiri, ti ṣẹ̀, Panṣágà, obìnrin alágbèrè, sì wà lára àwọn ẹ̀dá tí àwọn eléégún onídán máa ń gbé jáde fún aráàlú wò. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, tọmọdé tàgbà ló ń dárúkọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ní gbangba títì, láìsí ẹni tó máa bá wọn wí. Kúnlé Afọláyan tó darí fíìmù yìí gan-an, ọmọ Adéyẹmí Afọláyan ni, Adé Love, òṣèré tó gbé tíátà kiri ìlú. Ilé eré ló ti wá.

Síbẹ̀, Màmá ò jẹ̀bi. Bí Òkèbàdàn bá ti kọjá, ẹni tó bá kọ orin yẹn lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní orí rẹ̀ ò pé. Ọjọ́ wà fún un, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é náà wà. Aníkúlápó ò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Láti 30 oṣù Kẹsàn-án, 2022 tí Netflix ti gbé e jáde, inú pálọ̀ ló ń bá àwọn èèyàn, níbi tí ìyá ọkọ, ìyàwó àti ọmọ ọlọ́dún 14 jọ jókòó sí. Àwọn àgbà ni wọ́n ṣe fíìmù náà fún. Láti ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀, àjọ tó ń sọ iye ọdún tó yẹ kéèyàn jẹ́ kó tó wo fíìmù kan. Ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ wọn tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ yín. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ ìbínú tó tẹ̀ lé fíìmù yìí, ìtìjú ẹni tí nǹkan ká mọ́ àárín ẹbí ni.

Ó dùn mí pé ariwo ibùsùn bo àríyànjiyàn tó dára jù mọ́lẹ̀, èyí tí tọkùnrin tobìnrin ń jà lé lórí: Sàró tí Àrólákẹ́ torí rẹ̀ fi ààfin sílẹ̀, tó tún fẹ́ obìnrin mìíràn lé e nígbà tí ọlá dé. Ẹ gbé ìyẹn lọ sí ìsọ̀.

Ẹ má bá Màmá jiyàn o. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní ẹ má bínú, a ò yẹ̀ ẹ́ wò ká tó fi hàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹnu sọ ìyókù ìtàn náà fún wọn, torí wọ́n ti dìde kí ẹyẹ Àkàlà tó dé. Bí ẹyẹ ṣe jí òkú, bí àdó tí ẹyẹ náà fi ń jí òkú ṣe dé ọwọ́ Sàró, irú àlọ́ tí wọ́n gbọ́ dàgbà nìyẹn. Wọn ò ní ṣàì dá ẹjọ́ Sàró fún yín.

Ọmọ yín ni ẹ má ṣe dákẹ́ fún. Ẹ bi í ní ohun tó rí àti ohun tó rò. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ara kì í ṣe ìdọ̀tí, pé eré ni àwọn òṣèré yẹn ń ṣe, àti pé ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ kó dàgbà sí i kó tó wò ó. Ẹ wá ní kí ọkọ yín fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ti ojú ìwé tiyín pa lórí Netflix, kí ẹ sì máa wo iye ọdún tó ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ yín bá pé ọdún 18 tó sì ṣì fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ Àrólákẹ́ ṣe parí, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wò ó.