NÍGBÀ TÍ ARÁ MỌ́SÁLÁSÍ BÁ KẸ̀YÌN SÍ WA
Ẹ̀kọ́ láti ara Ka'b ọmọ Malik

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba tí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrú Rẹ̀ tó bá túúbá. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ìyà kan wà tí kò ní ẹgba nínú, ṣùgbọ́n tí ó ń dun ni ju ẹgba lọ. Òun ni pé kí á wọ mọ́sálásí, kí á kí sálámà, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Àwọn tí a jọ ń ṣínu nínú abọ́ kan náà lóṣù ààwẹ̀ yóò máa wo ẹ̀gbẹ́ kan bí a bá ń kọjá. Nígbà mìíràn àwa ni a jẹ̀bi. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fà á. Irú nǹkan báyìí ti lé ọ̀dọ́ púpọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti tipa bẹ́ẹ̀ pa ìrun tì. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lára ẹni tí irú rẹ̀ dé bá nígbà ayé Ànábì gan-an.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ka'b ọmọ Malik, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ansar ìlú Mẹ́dínà. Akéwì ni, ó sì wà níbi àdéhùn Aqaba. Ní ọdún 9 Híjírà, èyí tí í ṣe ọdún 630 Mìládì, Ànábì pe àwọn Mùsùlùmí sí ogun Tabuk. Oòrùn mú, ọ̀nà jìn, èso sì ti pọ́n lóko. Ka'b kò ṣàìsàn, kò sì ṣaláìní. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò lówó lọ́wọ́ tó ìgbà náà rí, ràkúnmí méjì ni òun ní. Ọ̀la ni òun yóò múra, ọ̀la ni òun yóò múra, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí àwọn ènìyàn fi lọ tán. Nígbà tó jáde síta, àwọn tí a mọ̀ sí mùnááfíkì àti àwọn aláìlera nìkan ló rí nílùú.

Nígbà tí Ànábì padà dé, ọkùnrin tó lé ní 80 wá ṣe àwáwí, wọ́n ń búra. Ànábì gba èyí tí wọ́n fi ẹnu sọ, ó sì fi inú wọn sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ó kan Ka'b, ó ní òun kò ní àwáwí kankan. Ànábì jẹ́rìí sí i pé ó sọ òdodo, ó ní kí ó dìde títí Ọlọ́hun yóò fi dájọ́. Àwọn méjì mìíràn tí wọ́n sọ òdodo bíi tirẹ̀ ni Murara ọmọ Rabi' àti Hilal ọmọ Umayya. Ànábì wá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn mẹ́ta náà sọ̀rọ̀.

Ó di 50 ọjọ́. Àwọn méjì yòókù jókòó sílé, wọ́n ń sunkún. Ka'b ni ó kéré jù, òun ni ó sì lágbára jù, nítorí náà ó ń jáde. Lọ́jọ́ kan ó gun ògiri ọgbà Abu Qatada, ìbátan rẹ̀ tó fẹ́ràn jù lọ. Ó kí i, kò dáhùn. Ó fi Ọlọ́hun bẹ̀ ẹ́ pé ṣé kò mọ̀ pé òun fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi í, kí Abu Qatada tó fèsì pé Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ló mọ̀. Omijé bọ́ lójú Ka'b, ó yí padà. Nígbà tó di 40 ọjọ́, àṣẹ tún dé pé kí wọ́n yàgò fún àwọn ìyàwó wọn.

Kí ni Ka'b ṣe tí kò fi sọnù?

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: KÍ Á SỌ ÒDODO

Àwọn ìbátan Ka'b ló kọ́kọ́ bá a wí pé kí ló dé tí kò ṣe àwáwí bí àwọn yòókù. Díẹ̀ ló kù kí ó padà lọ purọ́. Òótọ́ korò lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló gba Ka'b là. Bí a bá jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí á gbà pé a jẹ̀bi. Bí owó ẹgbẹ́ ni a ná, kí á dá a padà. Bí ọmọnìkejì ni a ṣẹ̀, kí á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Túúbá tí kò dá ohun olóhun padà kò tíì pé.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: KÍ Á MÁ FI ÌRUN JÁMÁÀ SÍLẸ̀

Ka'b ń lọ sí mọ́sálásí tí kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Yóò kí Ànábì, yóò sì máa wò ó bóyá ètè rẹ̀ mì láti dáhùn. Ìtòsí Ànábì ló ti ń kírun. Ènìyàn ló kẹ̀yìn sí i, kò torí rẹ̀ kẹ̀yìn sí Ọlọ́hun. Ìrun wa kì í ṣe ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti Lẹ́mọ́mù. Bí ó bá sì di pé ibì kan ni wọ́n ti ń fi àbòsí ni wá lára, lílọ kírun ní mọ́sálásí mìíràn kò sọ wá di aláìgbàgbọ́.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: KÍ Á ṢỌ́RA FÚN ẸNI TÓ Ń PÈ WÁ NÍTORÍ ÌBÍNÚ WA

Ní àkókò yìí ni lẹ́tà dé sí Ka'b láti ọ̀dọ̀ ọba Ghassan, pé òun gbọ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ti hùwà àìdáa sí i, kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, àwọn yóò kẹ́ ẹ. Ka'b rí i pé àdánwò mìíràn ni èyí, ó sì jó lẹ́tà náà níná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lẹ́tà Ghassan kò tíì tán láyé. Ọ̀rẹ́ tó ń pè wá sílé ọtí ní àkókò yìí, olólùfẹ́ tó ní kí á fi ẹ̀sìn sílẹ̀ kí ọkàn wa lè balẹ̀, lẹ́tà Ghassan ni wọ́n.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: BÍ A KÒ BÁ JẸ̀BI ŃKỌ́?

Ìyá wa Aisha, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, kò jẹ̀bi ohunkóhun, síbẹ̀ wọ́n parọ́ mọ́ ọn, nǹkan bí oṣù kan ni ọ̀rọ̀ náà fi wà nílẹ̀. Kò jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fi ọ̀ràn lé Ọlọ́hun lọ́wọ́, àwọn aya inú Súrátù Nuru sì sọ̀ kalẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Arábìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa lẹ́yìn, kí ó rántí èyí. Kí ó wá àgbà kan tó ṣeé finú hàn, kí ó má dá ẹrù náà rù.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWA TÍ A Ń KẸ̀YÌN SÍ ẸLÒMÍRÀN

Ẹ má jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ Ka'b ṣe ẹ̀rí láti máa ya ara wa láṣo. Àṣẹ Ànábì ni tirẹ̀, Ọlọ́hun ló sì fòpin sí i. Ní tiwa, Ànábì ti kọ̀ fún Mùsùlùmí láti bá arákùnrin rẹ̀ yodì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó sì ní ẹni tó bá kọ́kọ́ kí èkejì ló dára jù. Àwọn Yorùbá náà sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Ìbáwí tí kò ní ọwọ́ ọ̀tún, ìkà ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó pé 50, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, Ka'b wà lórí òrùlé ilé rẹ̀ nígbà tó gbọ́ igbe láti orí òkè Sal' pé kí ó yọ̀. Ó forí kanlẹ̀. Ọlọ́hun ti gba túúbá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wà nínú Súrátù Taoba, aya 118. Bó ṣe wọ mọ́sálásí, Talha dìde, ó sáré wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí i kú oríire. Ka'b ló sọ ìtàn yìí fúnra rẹ̀, ó sì ní òun kò gbàgbé ohun tí Talha ṣe náà láé.

Ta ni yóò ṣe Talha nínú ẹgbẹ́ wa ní Jímọ̀ tó ń bọ̀? Ẹnìkan wà lẹ́yìn sáfù tó ń retí ìdáhùn sálámà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Kí ló dé tí ìyà kò fi jẹ àwọn tó purọ́ lójú ayé bí ó ti jẹ Ka'b?
2. Kí ni "lẹ́tà Ghassan" tó ń wá bá àwa ọ̀dọ́?
3. Ta ni a ti bá yodì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ?

Kí Ọlọ́hun tún àárín wa ṣe, kí Ó sì gba túúbá wa. Āmīn.