Ta Ló Ni Orin Tí O Ń Kọ?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọrin, mo rí i pé oge ni ẹ kọ́kọ́ ń kọ́ lára àwọn gbajúmọ̀. N kò bá yín wí, ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Tó bá jẹ́ ti oge ni, ta ló ṣe é tó Prince, ará Minneapolis nílẹ̀ Amẹ́ríkà? Kóòtù elése àlùkò, bùláòsì tí léèsì kún lọ́rùn, bàtà gogoro.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà lábẹ́ oge náà. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Warner lọ́dún 1977. Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1978, òun nìkan ló ta gìtá, tó tẹ dùùrù, tó lùlù, tó sì gbè é. Láti ọdún 1984 lọ, rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ Purple Rain, tó bá fíìmù kan rìn, wà nípò kìíní ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 24. Orin inú fíìmù yẹn tún gba ẹ̀bùn Oscar.

Síbẹ̀, Warner ló ni orin tó gbà sílẹ̀. Bó ṣe wà nínú ìwé àdéhùn nìyẹn. Prince fẹ́ máa gbé orin jáde lemọ́lemọ́, wọ́n ní kó rọra. Ló bá bínú, lọ́dún 1993 ó pa orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un tì, ó mú àmì kan tí ẹnu ò lè pè. Lọ́dún 1995, ó lọ gba ẹ̀bùn BRIT ní London tòun ti “ẹrú” tó kọ gàdàgbà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lójú gbogbo ayé. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín pé ṣé olówó ń ṣẹrú ni. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń roko olóko, bí iṣu ọ̀hún ta bí ọmọ ènìyàn, olóko ló ni í.

Ṣùgbọ́n òótọ́ kò ṣeé fi pamọ́ fún yín: lọ́dún 1992, ó tún bá wọn ṣe àdéhùn tuntun, owó gọbọi sì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ọdún 1996 ló tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọdún 2014 ni àwọn orin àtijọ́ rẹ̀ tó padà di tirẹ̀. Ọdún 37 gbáko! Ẹ mú ìwé àdéhùn yín lọ bá agbẹjọ́rò tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́, kó tó di pé ẹ ná kọ́bọ̀ nínú owó wọn.

Èyí tó dùn mí jù ló kù. Ní April 21, ọdún 2016, fentanyl, oògùn apàrora, pa á nílé rẹ̀ ní Paisley Park, lẹ́ni ọdún 57. Ọkùnrin tó jà tó báyìí nítorí ìwé kò kọ ìwé ìhágún! Kò bímọ tó kù láyé, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá rẹ̀ ni ogún já sí, wọ́n sì wà ní kóòtù títí di ọdún 2022. Ohun tí wọ́n ń pín tó 156 mílíọ̀nù dọ́là. Àìmọye orin tí kò tíì gbé jáde ló fi sílẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ló sì ń yan èyí tí aráyé yóò gbọ́ nínú rẹ̀.

Kódà bí orin rẹ tó ń pawó kò bá ju méjì lọ, kọ orúkọ ẹni tí yóò jogún wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí o buwọ́ lù ú níṣojú ẹlẹ́rìí méjì, kí àwọn náà sì buwọ́ lù ú.