Ore-ọ̀fẹ́ Ló Ṣáájú, Iṣẹ́ Ló Tẹ̀ Lé E

Ọmọ mi, àríyànjiyàn tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń gbé bọ̀ wálé láti inú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ ní Pólì Ìlaròó ti wà láyé kí wọ́n tó bí ẹni tó bí mi. Ẹnìkan á ní ore-ọ̀fẹ́ nìkan ló ń gbani là, pé ẹni tó bá ti gbàgbọ́ ti bọ́ nìyẹn. Ẹnìkejì á ní irọ́ ni, pé láìsí àwẹ̀, láìsí ìdámẹ́wàá, láìsí ìwà mímọ́, kò sẹ́ni tí yóò rí ọ̀run wọ̀. Jókòó tì mí díẹ̀, kí n sọ bí ó ti rí lójú mi fún ọ, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé nípa ìgbàgbọ́ ni Ọlọ́run ń dá ènìyàn láre, ó sì pe Ábúráhámù wá jẹ́rìí. Jákọ́bù náà kọ ìwé tirẹ̀, Ábúráhámù kan náà ló pè, ó ní ọjọ́ tí bàbá yẹn gbé Ísáákì lé orí pẹpẹ ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó pé. Èmi kò rí ìjà níbẹ̀. Ẹni tó rò pé òun lè fi iṣẹ́ ọwọ́ òun sọ Ọlọ́run di ajigbèsè òun ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ wà níhòòhò, tí ebi ń pa á, tó wá ń fi ẹnu lásán kí i pé kó máa lọ ní àlàáfíà, ni Jákọ́bù ń bá wí, nítorí ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Martin Luther, tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe Ìjọ ní Jámánì ní 1517, kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìwé Jákọ́bù sí, koríko gbígbẹ ló fi í wé. Àfi ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1999 ni ìjọ Lútérù àti ìjọ Àgùdà tó jọ bu ọwọ́ lu ìwé kan ní ìlú Augsburg, pé ọ̀fẹ́ ni ìgbàlà, pé iṣẹ́ rere ni èso tó ń so lẹ́yìn rẹ̀; àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà fọwọ́ sí i ní 2006.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tiwa ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi jù. Ní 1821, ogun kó ọmọ kan ní Òṣoògùn, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, kò ju ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá lọ. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú náà dúró lójú omi, ó sì gba àwọn tó wà nínú rẹ̀. Kí ni Àjàyí ṣe tí wọ́n fi gbà á? Kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó yá pé ẹ̀rù àwọn tó gbà wọ́n gan-an ló ń bà wọ́n. Wá wo ohun tó fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní Sàró. Ó ṣèrìbọmi ní 1825, ó di Samuel Crowther. Ó di àlùfáà ní 1843. Ó gba Àgbádárìgì padà wálé, ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa lónìí kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tó ti rí Àfálà ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìwé Róòmù ló kọ́kọ́ tẹ̀ jáde nínú Bíbélì tó ń túmọ̀ sí Yorùbá, ní 1850, Jákọ́bù náà sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, iṣẹ́ kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Ọmọ mi, ṣé kí wọ́n má baà dá a padà sínú ọkọ̀ ẹrú ló ṣe ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti tú u sílẹ̀ kó tó mọ a, b, d. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ ni Àjàyí fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dá.

Mo mọ̀ pé o ó bi mí nípa àwọn aláṣọ funfun, tí ọkọ̀ wọn ń gba Ayétòrò kọjá lọ sí Ìmẹ̀kọ bí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ibojì Wòlíì Samuel Bilewu Oshoffa wà, ẹni tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, tó sì kú ní 1985. Àwọn kan ń sọ pé ìrìn-àjò àti bàtà tí wọ́n bọ́ ni wọ́n fi ń ra ìgbàlà. Ta ló wọ inú wọn lọ wò ó? Nínú ìtàn tiwọn pàápàá, Oshoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà tó wọ igbó lọ wá igi, ni Ọlọ́run pè láìròtẹ́lẹ̀. Má bá wọn dá ẹjọ́ tí a kò fi rán ọ.

Ohun tó ń dùn mí ni èyí tí mo ń rí lẹ́bàá ẹnubodè wa níhìn-ín. Ẹnìkan á jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ òun mọ́, bó bá di ọjọ́ Ajé á tún gbé kóńgò tó ti jìn nísàlẹ̀ jáde láti fi wọn gàrí fún opó. Ẹlòmíràn á jẹ owó iṣẹ́ àwọn ọmọ tó ń bá a kó ẹrù ní Ìdí-Ìrókò, á wá kó owó ńlá kalẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè kí wọ́n lè pe orúkọ rẹ̀ sókè. Ọ̀kan ní ore-ọ̀fẹ́ lòun gbójú lé, èkejì ní iṣẹ́ rere ni, àrùn kan náà ló sì ń ṣe wọ́n: kò sí èyí tó mọ iye tí ohun tí a ṣe fún un tó.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí kóńgò rẹ bá ti jìn, ra òmíràn. Ẹni tó bá ọ ṣiṣẹ́, san owó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó sì jẹ ọ́ ní gbèsè tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́, jọ̀wọ́, fi jì í, má ṣe dúró di ìgbà tó bá tọ́ sí i.