Ẹgba àti Ìfàmọ́ra: Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Eléré-Ìdárayá tó Ṣẹ̀

Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a fi òwe yìí yẹ ọ̀rọ̀ kan wò.

Christine Ohuruogu, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní University College London. Ní 2006, wọ́n dá a dúró lẹ́nu eré-ìje fún ọdún kan, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn aṣàyẹ̀wò oògùn wá a tì. Òfin ẹgbẹ́ Òlíḿpíìkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní kò gbọdọ̀ ṣojú wọn mọ́ láéláé. Ó jìyà ọdún kan náà tán, ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì jàre ní 2007. Ní Beijing, ní 2008, ó gba wúrà nínú eré 400 mítà.

Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí asáré-ìje yunifásítì kan ní Adó-Èkìtì bá ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léṣe ńkọ́? Ẹgba ló ṣáájú ìfàmọ́ra nínú òwe wa. Kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tó fara pa. Kí àmì-ẹ̀yẹ má ra ẹjọ́. Lẹ́yìn ìjìyà tó tọ́, kí a má ti ilẹ̀kùn pa.